Ta Ni Yóò Kín Bàbá Onígíláàsì Lẹ́yìn?

[Fóònù ń dún. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.]

ÀǸTÍ: Hàló! Họ́nárébù mi! Ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ro mí!

HỌ́NÁRÉBÙ: Ẹ káàsán, àǹtí mi. Ẹ kú ìrìn o. Ìyá ńkọ́? Orúnkún wọn?

ÀǸTÍ: Ìyá wà dáadáa, wọ́n ní kí n kí ọ. Gbọ́ —

HỌ́NÁRÉBÙ: Wọ́n ti lo oògùn àárọ̀?

ÀǸTÍ: Wọ́n ti lò ó. Mo wà lókè nílé aṣòfin, níbi tí ará ìlú ń jókòó sí. Mo na ọrùn títí, mi ò rí ọ.

HỌ́NÁRÉBÙ: Ẹ̀yìn — ẹ̀yìn ni mo wà.

ÀǸTÍ: Ẹ̀yìn wo? Kóòtù rẹ ni mo rí lórí àga. Kóòtù ò lè sọ̀rọ̀.

HỌ́NÁRÉBÙ: Network yìí ò dáa. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Fèrè mọ́tò dún.]

ÀǸTÍ: Fèrè mọ́tò nínú ilé aṣòfin? Họ́nárébù!

HỌ́NÁRÉBÙ: ...Mo wà nínú ọgbà. Nínú mọ́tò.

ÀǸTÍ: Kí lò ń ṣe nínú mọ́tò? Wọ́n ti pe àbá òfin tó máa dáàbò bo irà wa! Bàbá Onígíláàsì tó gbé e wá ti dìde, ó ń kà á lọ́wọ́.

HỌ́NÁRÉBÙ: Mo rò pé ó di ọ̀la —

ÀǸTÍ: Òní ni! Sáré wọlé. Tí Bàbá bá kà á tán, Olórí Ilé á bèèrè ẹni tó máa kín in lẹ́yìn. Tí ò bá sí ẹnì kan ṣoṣo, àbá ti kú nìyẹn. Ìwọ lo ní o máa kín in.

HỌ́NÁRÉBÙ: Àwọn yòókù ńkọ́?

ÀǸTÍ: Èwo nínú wọn? Ẹni tó ń wo àjà ń wo àjà, ẹni tó ń tẹ fóònù ń tẹ fóònù.

HỌ́NÁRÉBÙ: Àwọn èèyàn yín tẹ́ ẹ ní wọ́n máa kún òkè fọ́fọ́?

ÀǸTÍ: Àwọn apẹja ní òjò ń ṣú. Àwọn tíṣà ní ìdánwò. Èmi nìkan ló kù, àti bàbá kan tó wá sùn torí pé ibí tutù. Ó tiẹ̀ ń hanrun.

[Họ́nárébù rẹ́rìn-ín díẹ̀.]

HỌ́NÁRÉBÙ: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi.

ÀǸTÍ: Má kí mi pẹ̀lẹ́. Gbogbo ilẹ̀kùn tí mo ti kàn nítorí irà yìí, mi ò dá wà tó báyìí rí.

HỌ́NÁRÉBÙ: Àwọn àgbà party pè wá láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ẹni tó bá kín in, kó gbàgbé tíkẹ́ẹ̀tì ìbò tó ń bọ̀.

ÀǸTÍ: Torí kí ni?

HỌ́NÁRÉBÙ: Wọ́n ti ta irà náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Yanrìn ti wà nílẹ̀.

ÀǸTÍ: Tí wọ́n bá da yanrìn dí i, ibo lomi máa gbà? Ìwọ lo gbé Ìyá jáde lọ́jọ́ tí omi wọ yàrá wọn! Ṣé o gbọ́ mi?

HỌ́NÁRÉBÙ: ...kò rọrùn —

ÀǸTÍ: Ṣé o gbọ́ mi?

HỌ́NÁRÉBÙ: Mo ń gbọ́.

ÀǸTÍ: Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí. Gbólóhùn kan péré ni mo ń tọrọ. Jáde nínú mọ́tò.

[Ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí.]

ÀǸTÍ: Ṣé o ti ń bọ̀?

[Ilẹ̀kùn mọ́tò pa dé.]

HỌ́NÁRÉBÙ: Mi ò lè wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí, àǹtí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní nìyí.

ÀǸTÍ: Ẹ̀rù ń ba èmi náà. ...Bàbá ti kà á tán. Ó ti yọ gíláàsì, àga rẹ ló ń wò.

HỌ́NÁRÉBÙ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má —

ÀǸTÍ: Wọn ò gbà kí àwa tá a wà lókè lanu. Ká ní wọ́n gbà ni, ǹ bá má dà ọ́ láàmú. Màá na fóònù síwájú, kí ìwọ náà fetí ara rẹ gbọ́.

[Ohùn kan láti ọ̀nà jíjìn: "Ta ni yóò kín àbá yìí lẹ́yìn?"]

[Ẹnì kan wúkọ́. Ìwé ń dún.]

[Ohùn náà: "Mo tún bèèrè. Ta ni yóò kín in lẹ́yìn?"]

HỌ́NÁRÉBÙ: Mo kín in lẹ́yìn.

[Bàbá tó ń sùn lókè ń hanrun.]

HỌ́NÁRÉBÙ: Àǹtí, mo kín in! Ẹ sọ fún wọn, mo kín in lẹ́yìn! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Òòlù Olórí Ilé dún lórí tábìlì.]

HỌ́NÁRÉBÙ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Fóònù ń ha aṣọ bí Àǹtí ṣe fà á padà sétí.]

ÀǸTÍ: Ó ti parí. Bàbá ti jókòó. Kò sẹ́ni tó kín in lẹ́yìn. ...Àbí ìwọ sọ nǹkan ni?

HỌ́NÁRÉBÙ: Mo ní —

[Ìlà já.]