Ẹnì Kan Ló Lé, Àwa Méjì La Wálé

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé Kòrónà, lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó jẹ́ ìbejì, tó jókòó níwájú mi nínú ọkọ̀ Ìgbó-Ọrà sí Ìbàdàn.

“Kẹ́hìndé, ọ̀gá ilé búrẹ́dì ní kí n padà, àmọ́ ibẹ̀ ni màá máa sùn báyìí nítorí àrùn. A ò ní lè máa pín iṣẹ́ kan náà ṣe mọ́, kí n lọ lónìí, kí ìwọ lọ lọ́la.”

“Òun ò kúkú mọ̀ pé méjì ni wá. Ẹnì kan ló lé, àwa méjì la wálé.”

“Tá a bá dé Èrúwà, ọ̀kan á sọ̀kalẹ̀. Ìwọ máa bá ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.”

“Táyé, ṣebí ìwọ ni mo kọ́kọ́ rán wá wo ayé. Lọ tún un wò.”

“Nígbà yẹn, mo ké, o tẹ̀lé mi. Tí mo bá ké láti Ìbàdàn ńkọ́?”



Ní Èrúwà, èmi sọ̀kalẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣì jókòó. Láti ìgbà náà, ọkàn mi ò balẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ kan ṣoṣo ni èmi àti àbúrò mi jọ ń dúró dè. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá pè mí síṣẹ́ náà, kí ni kí n sọ fún àbúrò mi?