Itan Ni Wọ́n Gbà Dé Ọrùn

Mo ń tò láti lo fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ọ́gbà nígbà tí màmá kan tó wọ sùtánà funfun parí ìpè tirẹ̀, tó sì dì mọ́ obìnrin ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọmọ mi ni, láti Íńdíà! Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ọmọ rẹ̀ tó wú, tí wọ́n ní ó lè bẹ́, wọ́n ti tún un ṣe. Itan ni wọ́n gbà dé ọrùn!"

"Itan kẹ̀, mà?"

"Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n kì bọ iṣan itan, ó gòkè lọ. Abẹ ò kan ọrùn. Bẹ́ẹ̀ ọrùn nìkan ni mo ń fi òróró àdúrà pa kí wọ́n tó lọ!"

"Àdúrà yín ṣìnà nìyẹn, mà."

Màmá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn iwájú ni mo ń kàn, ìyàwó mi. Ẹ̀yìnkùlé ni Ọlọ́run gbà wọlé!"