Ẹ̀rí Overtime Tí Mo Wá Tún Jẹ́

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, kí hallelujah yín rọra jáde, torí ohùn mi ò tíì padà sípò. Bí ẹ bá pariwo lé mi lórí, ẹkún ni màá sun, mi ò sì ní lè sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ pé mo lọ sílé, mo sì padà sí Calgary láyọ̀ àti àlàáfíà. Pásítọ̀ wa, ẹ ṣé tí ẹ gbà mí láyè lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní lẹ́ẹ̀kejì, torí ẹ rántí July. Èmi náà nìyí, ìyá Tèmídayọ̀, tó jó títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níwájú níbí. Mo sọ fún yín nígbà yẹn pé owó àrà kan wọ account mi, owó tí mi ò ṣiṣẹ́ fún, pé Ọlọ́run ló rán áńgẹ́lì sí payroll. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo san ìdámẹ́wàá rẹ̀, mo sì fi ìyókù ra sófà sí basement tí à ń gbé ní Saddle Ridge. Ẹ̀rí yẹn ni mo wá tún jẹ́ lónìí, torí irọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Iléṣà ni mọ́mì mi wà, ó sì ti pé ọdún méje tí mo ti fojú kàn wọ́n. Ontario lèmi àti ọmọ mi kọ́kọ́ dé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń di oúnjẹ sínú páálí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe overtime, tí kò fẹ́ gba owó, ó lè tọ́jú wákàtí náà kó fi gba ìsinmi. Wákàtí kan tí o bá ṣe, wákàtí kan àtààbọ̀ ni wọ́n máa fún ẹ láti fi sinmi. Èmi àti àwọn sì ti jọ fọwọ́ síwèé pé mo lè tọ́jú tèmi fún odidi ọdún kan.

Ní December ọdún tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi wá síbí. Irú iṣẹ́ yẹn náà ni, ilé iṣẹ́ ló yàtọ̀. Wọ́n bi mí bóyá owó overtime ni mo fẹ́ àbí ìsinmi, mo ní ìsinmi. Wọ́n fún mi níwèé, mo fọwọ́ sí i láìkà á. Kí ni mo fẹ́ kà? Ṣebí mo ti mọ̀ ọ́n láti Ontario. Inú mi tún wá dùn nígbà tí mo gbọ́ pé ní Alberta níbí, bí o bá ti kọjá wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, overtime ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Ontario, ó dìgbà tí o bá kọjá wákàtí mẹ́rìnlélógójì lọ́sẹ̀. Láti January dé March, wákàtí mẹ́wàá ni mò ń ṣe lóòjọ́, nígbà míì mọ́kànlá. Orúnkún mi wú. Nígbà tó di April, iṣẹ́ dín kù, àmọ́ mo ti ṣírò tèmi: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, mo máa lò ó ní December.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò ti yọ ọ̀sẹ̀ kan lọ nígbà yẹn. Ta ló ń ti òkè òkun bọ̀ lẹ́yìn ọdún méje tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan? Wọ́n á ní ṣé iná ni mo wá mú ni. Gbogbo Sunday tí mo bá ti pe mọ́mì mi ni wọ́n máa ń bi mí pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fún mi. Màá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, wọ́n máa rí mi títí wọ́n á fi lé mi.

Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ má bínú, àwa náà la mọ ara wa, a kì í pariwo ìrìn àjò. Ìgbà tí ẹ bá rí fọ́tò èèyàn ní airport lẹ ń mọ̀ pé ó ti lọ. Owó ni mo jẹ́rìí ẹ̀ fún yín, èrò ọkàn mi, mo fi sínú.

Nígbà tó di October, Délé àbúrò mi pè mí pé ọkàn mọ́mì ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, pé dókítà ní kí àwọn ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn máa bọ̀. Mo lọ bá obìnrin tó wà ní HR. Mi ò sọ fún un pé ìyá mi ń ṣàìsàn o, mo kàn ní mo fẹ́ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mi. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún un wò, ó ní ọjọ́ mẹ́rin ni mo ní.

Ó rọra ṣàlàyé fún mi. Ó ní ní Alberta níbí, wákàtí kan fún wákàtí kan ni ìsinmi, kò sí àtààbọ̀. Bí oṣù mẹ́fà bá sì ti kọjá tí o ò lò ó, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dowó fún ẹ, orí owó yẹn ni àtààbọ̀ wà. Wọ́n ti san ti January fún mi ní July, ti February ní August, ti March ní September; díẹ̀ tí mo ṣe láti April ló ku ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Ó fi payslip mi hàn mí, wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀ gbangba. Èmi, alert báńkì nìkan ni mo máa ń wò.

Owó àrà tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún nìyẹn. Kò sí áńgẹ́lì kankan ní payroll. Ọjọ́ tí mo fẹ́ fi rí ìyá mi ni wọ́n sọ dowó, mo sì gbà á, mo fi jó. Nígbà tí mo délé, mo wo sófà yẹn, mi ò lè jókòó lé e. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí.

Ọjọ́ mẹ́rin! Àlọ àtàbọ̀ nìkan á gba mẹ́ta níbẹ̀. Bí mo bá sì lọ láìgbàṣẹ, wọ́n á dá mi dúró, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ló ń san rent. Tèmídayọ̀ wò mí níbi tí mo jókòó sí, ó ní, "Mummy, why don't you just go?" Mo ní kò lè yé e. Àṣé èmi gan-an ni ò yé.

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ní Wednesday, ní ìpàdé àdúrà, Pásítọ̀ ní kí kálukú gbé ohun tí kò lè sọ fún èèyàn wá síwájú Ọlọ́run. Mo gbàgbé pé èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mò ń sunkún, mò ń sọ ọ́ sókè: "Olúwa, ọjọ́ mẹ́rin ò tó. Ìyá mi ń kú lọ."

Bí a ṣe ṣàmín, ọwọ́ kan bà mí léjìká. Ẹ̀gbọ́n Bísọ́lá ni, tí wọ́n máa ń jókòó lẹ́yìn mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin wo nìyẹn. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ payroll ni ẹ̀gbọ́n yìí ń ṣe nílùú yìí láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò sì mọ̀! Wọ́n ní òfin wà fún irú èyí, pé bí òbí èèyàn bá ń ṣàìsàn tó le gan-an, tí dókítà sì kọ ọ́ síwèé pé ó lè la ikú lọ, ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ ò lè ní kí o má lọ, kò sì lè lé ẹ. Kò ní sanwó fún ẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ á dúró dè ẹ́. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin o, oṣù ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà, èmi ni mi ò bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n wá tẹrí ba. "Ní July, mo fura pé overtime ni wọ́n san fún ẹ. Mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mo ní ta ni mo jẹ́ tí màá ba ẹ̀rí ẹlẹ́rìí jẹ́." Àwa méjèèjì jókòó síbẹ̀, a sunkún.

Nígbà tó fi máa di Friday, Délé ti gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà. Mo mú un lọ sí HR ní Monday, obìnrin yẹn bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ látọjọ́ yìí. Mo wọ bàálù ní Thursday.

Mo bá ìyá mi láàyè. Ibi tí ẹ ti lè pàtẹ́wọ́ nìyí. Àmọ́ ìyá tí mo bá kì í ṣe ìyá July. Ní July, wọ́n ṣì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣì ń bá mi jà lórí fóònù pé mi ò jẹun. Èyí tí mo bá ò lè gbé ṣíbí mọ́, èmi ni mò ń rọra fún wọn ní ẹ̀kọ mu. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Bí mo bá ní kò dùn mí, ẹ̀rí irọ́ kejì nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n lajú, wọ́n dá mi mọ̀, wọ́n fi oríkì mi pè mí. "Àṣàkẹ́, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún ẹ?"

Mo ní, "Wọn ò ka ọjọ́ fún mi, mọ́mì. Mo wà níbí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, kí n jẹ́ kí àwọn sinmi díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, wọ́n sùn lórí ẹsẹ̀ mi, wọn ò sì jí mọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ojú wọn dé.

Ọlọ́run ò wo ìyá mi sàn, kò sì dá July padà fún mi. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fún mi, ògo ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ni mo gbé wá fún un lónìí. Ẹ bá mi yọ̀, kí ẹ rọra yọ̀. Ẹni tó bá sì ń fi ìrìn àjò pamọ́ tàbí àìsàn ẹni rẹ̀ nílé, kó yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kó sọ fún un, kó má dúró de December. Ẹ̀gbọ́n Bísọ́lá, bí ẹ bá tún gbọ́ ẹ̀rí tó ń kọ yín lóminú níbí, tèmi ni o, ti ẹlòmíì ni o, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde, ẹ bà á jẹ́.