Omi Inú Ọkọ̀ Mi Ni, Kì í Ṣe Mọ́ínmọ́ín Ìyá Kẹ́mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, títí kan ìyàwó mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi ní Sátidé tó kọjá ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Ara mi ń rí mi lára. Tí mo bá fẹ́ fá irùngbọ̀n, mi kì í fẹ́ wo jígí mọ́.

Upney ni mò ń gbé, ní Barking. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe ní ọsibítù. Èmi ni mo tilẹ̀ ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí wọ́n ṣe ń fọwọ́. Ẹ lè rẹ́rìn-ín.

Mo ra mótóhómù kan, ọkọ̀ ńlá tí bẹ́ẹ̀dì, kíṣínì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi béèrè pé kí la fẹ́ fi ṣe. Mo ní a ó máa gbé e lọ sí etíkun, a ó máa sùn síbẹ̀ bí àwọn òyìnbó. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí mi.

Bàbá òyìnbó tó tà á fún mi fi odindi ọ̀sán kan ṣàlàyé. Ó ní tí òtútù bá ń bọ̀, kí n tú gbogbo omi inú táǹkì dànù. Tí ojú ọjọ́ bá sì tún móoru, kí n fi oògùn fọ táǹkì náà dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó mu omi rẹ̀. "Every year, without fail," ó tún un sọ. Mo ń mi orí, "Yes sir, no problem, sir." Fọ́tò tí mo fẹ́ yà ránṣẹ́ sílé ló wà lọ́kàn mi.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò gba àdúgbò wa. Àwọn ará ilé kejì ní ó ń dí fèrèsé àwọn, wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ gíláàsì rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ọgbà ìgbọ́kọ̀sí kan ní Creekmouth. Òrùlé rẹ̀ ń jò, ògiri inú rẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, bátìrì rẹ̀ kú. Ó sú mi. Ní gbogbo àsìkò òtútù, mi ò yọjú síbẹ̀, omi tí a lò kù sì wà nínú táǹkì.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Lọ́dọọdún, a máa ń lọ gbàdúrà létí òkun. A ó gbé omi lọ nínú kéègì, Olùṣọ́ á gbàdúrà sí i, gbogbo wa á sì mu ún. Lọ́dún tó kọjá, Olùṣọ́ pè mí níwájú gbogbo ìjọ. "Brother, that your house-motor, ṣé kò ní táǹkì ni? Why are we still carrying kéègì up and down?" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Orí mi wú. Mo ní, "Baba, ẹ fi ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ fún mi. It's sorted."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún yín: mo mọ̀ pé mi ò tíì fọ táǹkì yẹn. Nígbà tí mo fi bátìrì tuntun sínú ọkọ̀ náà tán ní Creekmouth, ó ti rẹ̀ mí, mo kàn rọ omi tuntun lé èyí tó wà nínú táǹkì lórí.

Nígbà tí a dé etíkun, mo kọ́kọ́ dá nìkan ṣí ẹ̀rọ omi wò. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ló jáde. Nǹkan kan tó ń yọ̀, tó ní àwọ̀ ewé, bá omi náà wá. Mo jẹ́ kó máa ṣàn títí tó fi mọ́ lójú, mo fi ìka nu ẹnu ẹ̀rọ, mo sì pè wọ́n.

Olùṣọ́ gbàdúrà. Wọ́n ń mu ún níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣe "Àmín". Ìyàwó mi wà níwájú, ó mu ife méjì, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tó kàn mí, mo gbé ife kan ẹnu, mo díbọ́n bí ẹni tó ń gbé e mì, mo sì dà á sílẹ̀ lẹ́yìn mi.

Lẹ́yìn àdúrà, Ìyá Kẹ́mi pín mọ́ínmọ́ín. Ìyá Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun ló sì ti ń dáná nínú ìjọ kí n tó wá sí ìlú yìí. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀ mẹ́ta. Inú mi kò run mí rárá.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì dá ìdajì ìjọ dùbúlẹ̀. Ìyàwó mi lo ọjọ́ mẹ́rin ní ọsibítù. Ta ló máa fura sí omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí? Oúnjẹ ni gbogbo èèyàn ń dá lẹ́bi. Lọ́jọ́ Àìkú, wòlíì kan ní òun rí ọwọ́ dúdú nínú ìkòkò. Gbogbo ojú yí sí Ìyá Kẹ́mi. Wọ́n ní ká ṣe "Àmín", èmi náà ṣe é. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ kíṣínì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó má wọ sùtánà fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ṣí táǹkì náà. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ọbẹ̀ ilá tó ti kan, àwọn kòkòrò ti kú sínú rẹ̀. Mo bì síbẹ̀. Mo wá fi oògùn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ìgbà yẹn ni mo rántí bí wọ́n ṣe ń fọ nǹkan.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jẹ oúnjẹ ọwọ́ ìyá náà mọ́. Ní Sátidé tó kọjá, ó wá sílé mi. Kẹ́mi ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kẹ́mi ní kí Màmá wá gbé ọmọ, kó wá wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́, kó má wọ kíṣínì òun.

Bí ó ṣe sọ ọ́ tán báyìí ló kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí ó lè bí. "Brother, ẹ dárí jì mí. Mo fọ ẹ̀wà yẹn dáadáa, I swear, ṣùgbọ́n bóyá ojú mi ò ríran tó mọ́ ni. It's your wife that nearly die. Tí ẹ bá lè dárí jì mí, bóyá Ọlọ́run á gbà mí."

Mo sáré gbé e dìde. Òtítọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Ẹ má sunkún mọ́, Mà. Mo ti dárí jì yín tipẹ́." Ó dì mọ́ mi, ó ń wúre fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dìde níwájú ìjọ, kí ìyàwó mi gbọ́ ọ níbẹ̀? Àbí kí n lọ bá Ìyá Kẹ́mi nílé rẹ̀, kí n sọ ọ́ fún òun nìkan? Ti ilé rẹ̀ ló rọ̀ mí lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Tí mo bá débẹ̀, màá bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyá náà á sì gbà.