Orin Ìsìnkú Tí Mo Fi Bíbélì Búra Lé Lórí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sin Fọlọ́runṣọ́, mi ò lè dákẹ́ mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n.

Èmi ni olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òmù-Àrán. Orin kan wà tí wọ́n máa ń ní ká kọ níbi ìsìnkú, títí dé Ẹ̀sìẹ́. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé èmi ni mo ṣe é. Irọ́ ni.

Ará Ítálì kan tí a jọ ń ṣe tíṣà ló fún mi ní rẹ́kọ́ọ̀dù kan nígbà tó ń padà sílé. Orin fíìmù ni, fíìmù àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàwọn tìyàwó tọmọ. Kò sẹ́ni tó ń fẹnu kọrin nínú rẹ̀, fáólììnì àti fèrè rẹpẹtẹ ni. Mo kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní dò-rè-mí, mo fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kọ ọ́, àwọn ìyá sunkún. Wọ́n bi mí ta ló ṣe é, mo ní èmi ni. Ó dùn mọ́ mi nínú, ẹ má bínú.

Fọlọ́runṣọ́ ló ń dáná fún òyìnbó náà kó tó padà sílé, akọrin wa sì ni òun náà. Níwájú gbogbo akọrin, ó ní, "Tíṣà, ṣé orin ọ̀gá mi kọ́ nìyí?" Kò fi ibi sọ ọ́. Èmi ni mo pariwo pé ó ń bà mí lórúkọ jẹ́.

Àwọn alàgbà pè wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, mo dà á sí ṣáláńgá. Níwájú wọn, mo gbé Bíbélì sókè, mo búra pé èmi ni mo ṣe é. Wọ́n fi Fọlọ́runṣọ́ sábẹ́ ìbáwí: ìjókòó ẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, kò gbọdọ̀ bá akọrin kọrin, àfi tó bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Kò tọrọ rẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn ló jókòó sí títí tó fi kú. Tí a bá pàdé, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gbé fóònù wá. Wọ́n ti tún rẹ́kọ́ọ̀dù náà gbé jáde. Ó ní, "Bàbá, àwọn òyìnbó ti jí orin yín!" Mo ní bóyá. Mo sọ lọ́kàn mi pé màá lọ bá Fọlọ́runṣọ́ lọ́la. Mo ń sọ ọ̀la, ọ̀la, ó kú.

Ìyàwó rẹ̀ wá lánàá. Ó kúnlẹ̀ fún mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í nítorí Ọlọ́run. Ẹ bá wa fi orin yín yẹn sin ín, káyé má baà sọ pé ó gbé ẹ̀bi lọ sọ́run."

Mo gbé e dìde. Mo ní mo ti dárí jì í.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé níwájú pósí ni kí n ti sọ ọ́, àbí kí n lọ bá obìnrin yẹn nílé rẹ̀? Mo ti múra lẹ́ẹ̀mejì lónìí láti lọ, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo tún padà.