Ilé Kẹta Tí N Kò Ṣí Omi Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n kéde orúkọ èmi àti obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kejì. Àlùfáà ní kí ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a fẹ́ra wa dìde, kí ó sọ ọ́. Gbogbo ìjọ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Èmi nìkan ló mọ nǹkan kan níbẹ̀, èmi sì ni ọkọ ìyàwó. Mo di bẹ́ǹṣì mú. Ó ku ìkéde kan.

Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mí. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ìlú wa kò jìnnà sí Ìlútítun. A ní kànga ẹ̀rọ kan tí gbogbo wa pawọ́ pọ̀ gbẹ́, páìpù sì gba ibẹ̀ wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi ni sípánà rẹ̀ wà. Ilé tí kò bá san owó omi fún oṣù mẹ́ta, ìgbìmọ̀ á ní kí n lọ ti omi rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ti omi ilé Ìyá Títí. Opó ni òun náà. Púpurú ló ń ṣe tà, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè rẹ ẹ̀gẹ́ láìsí omi. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kan ti rọ, ìtọ́jú yẹn ló gbọ́n gbogbo owó rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí mo ń ti omi náà, kò bú mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ yín ni." N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, mo kó wọn sínú bárò, mo tì í lọ fún un.

Títí dé ibí yìí, ẹ lè máa yìn mí. Ẹ dúró ná.

Àràárọ̀ ni mo ń gbé omi lọ. Ìyá Títí á gbé púpurú gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹja kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin péré lo gbé wá, oòrùn ti kanrí o ṣì jókòó. Ṣé omi lo gbé wá ni, àbí ọmọ mi lo wá wò?"

Ìyá Títí ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun!"

"Ṣé mo ní kó má jẹ ni? Kó jẹ, kó sì fèsì."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ara mi kẹ́yìn.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n ní kò dára kí a máa ti omi mọ́ aláìsàn, arúgbó àti ọmọ ìkókó nítorí gbèsè. Wọ́n kọ orúkọ ilé mẹ́ta sínú ìwé, wọ́n ní kí n ṣí wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé n kò rí orúkọ Ìyá Títí kà. Òun ló wà nísàlẹ̀.

Mo ṣí méjì. Mo ká ìwé náà sápò. Mo rò ó pé bí omi bá ti ń yọ nílé rẹ̀, kí ni màá tún máa wá ṣe níbẹ̀? Nígbà tí Ìyá Títí bi mí ìdí tí tiwọn kò tíì fi yọ, mo ní ẹnu páìpù tiwọn ló bàjẹ́, pé a ń retí òmíràn láti Òkìtìpupa. Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo fi pa á.

Lẹ́yìn náà ni ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ méjì n kò lè dìde. Ìyá Títí gba odò lọ, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Òùngbẹ gbẹ màmá náà, ó ní kí òun wọ́ dé ìdí ìkòkò omi, ó ṣubú. Orúnkún rẹ̀ wú. Bí mo ṣe gbọ́, mo mú sípánà lọ́sàn-án gangan, ara mi ń gbọ̀n, mo ṣí omi náà.

Ẹ wo ayọ̀! Ìyá Títí hó. Màmá ní kí wọ́n gbé òun síta kí òun fọwọ́ kàn án, ó ń bu omi sórí ara rẹ̀ bí ọmọdé. Wọ́n ní mo dìde lórí àìsàn nítorí àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò: ẹni tó fi òùngbẹ jẹ wọ́n níyà ni wọ́n ń súre fún.

Orúnkún náà ti san. Màmá ló fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí ọmọ òun fẹ́ mi. Lọ́sẹ̀ yìí, mo ti dá sípánà padà, mo sì sọ òótọ́ fún alága ìgbìmọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní, "Tèmi nìyẹn o. N kò mọ ti ẹni tó ṣubú."

N kò ní purọ́ mọ́: inú mi ń dùn. Mò ń súfèé lọ́nà oko. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà mí.

Màá sọ fún wọn kí ìkéde kẹta tó dé. Kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí n kò mọ̀ ni ẹni tí màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún: ṣé ọmọ tí mo parọ́ fún ni, àbí ìyá tó ṣubú? Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa lè fẹ́ ọkùnrin tó ti omi mọ́ yín nítorí kó lè máa rí yín láràárọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọjọ́ Àìkú kò jìnnà mọ́.