Oúnjẹ Ọjọ́rú Níwájú Ilé Ìyá Onílé

Lórí ìlà kẹrosíìnì ní Mushin, lọ́dún tí epo ṣọ̀wọ́n gan-an, ni ìyá onílé kan ti kojú Àǹtí kan tó máa ń se oúnjẹ tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń fún àwọn tí kò nílé lórí ní gbogbo Ọjọ́rú.

Ìyá náà ní, "Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì á se ráìsì tán, ẹ ó padà sí Sùúrùlérè lọ sùn. Èmi ni mò ń gbá ìgbẹ́ wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀."

"Ẹ má bínú, Mà. Ebi ló ń pa wọ́n."

"Ṣé ebi ló ní kí wọ́n máa sùn sí pèpéle mi? A máa lé wọn lọ́sẹ̀ yìí."

Àǹtí náà ní, "Obìnrin tó máa ń ru ẹrù aṣọ kiri láàárín wọn ńkọ́? Yàrá ẹ̀yìn yín ló ń gbé kí ọkọ ẹ̀ tó kú. Ẹ̀yin lẹ lé e síta, Mà. Ẹ mọ orúkọ ẹ̀."

Ohùn ìyá náà lọ sílẹ̀, àmọ́ ìbínú ò kúrò níbẹ̀.

"Mo mọ orúkọ ẹ̀. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ máa rí i láti ojú wíńdò mi."